Igbá Omi Níwájú Sinimá Kérésìmesì

Ẹ mu omi yẹn tán ná. Èsítẹ́ẹ̀lì, má gbé e sílẹ̀, omi inú àmù ni, kì í ṣe omi inú ọ̀rá tí ẹ ń mu ní ìlú. Rómáríìkì, gba igbá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ẹ gun ọ̀kadà láti Ìdáàṣà dé Kèrè níbí nínú eruku ọyẹ́, ọ̀fun yín á ti gbẹ. Tí ẹ bá mu ún tán, a ó wá sọ ohun tó gbé yín wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti mọ̀ ọ́n. Bàbá yín ló rán yín. Ó ní kí ẹ wá bẹ̀ mí kí n kúrò lẹ́sẹ̀ òkè yìí, kí n wá máa gbé ilé tuntun tó kọ́ sí ìlú, kí n fi yàrá tí ìyá yín àgbà kú sí sílẹ̀, kí n wá máa sùn sí yàrá tí atẹ́gùn ń ti inú ògiri jáde. Mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn bí mo ṣe fẹ́ dáhùn, ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ mi.

Rómáríìkì, kí ló wà nínú pọ́tábù tí o fi ń pe èèyàn yẹn? Sinimá Kérésìmesì? O ní oríṣiríṣi wọn ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe láyé àtijọ́ àti èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, kí n yan èyí tó wù mí jù kí a jọ wò ó. O gbọ́n, ọmọ mi. O mọ ohun tí bàbá rẹ àgbà fẹ́ràn, o sì mọ bí wọ́n ṣe ń tu arúgbó lójú. Ṣùgbọ́n fi í sápò. Èmi fúnra mi ni n ó sọ èyí tó wù mí jù fún yín, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Tí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ ó mọ èsì tí ẹ máa mú lọ fún bàbá yín.

Ẹ̀yin rò pé ohun tí èèyàn ń fi ìka tẹ̀ ni sinimá. Sinimá tiwa, ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ bá a. Èmi nígbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oko tèmi lọ́wọ́ bàbá mi ni, agbára wà lára mi. Kò sí iná mọ̀nàmọ́ná níbì kankan láàárín àwọn òkè wọ̀nyí. Tí a bá ti kórè iṣu tán, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í la ètè wa, a ti mọ̀ pé Nọ́ẹ̀lì, Kérésìmesì, ti dé nìyẹn. Àwọn obìnrin á máa gún iyán láti àgbàlá dé àgbàlá, odó kan á dákẹ́, òmíràn á gbà á. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, ẹ ó rí èrò tí ń bọ̀ láti Akofodjoulè, láti Kpingni, àtàwọn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì àtàwọn tí wọn ò wọ inú rẹ̀ rí. Àwọn tó ń bọ òrìṣà náà ń bọ̀. Ta ló máa jókòó sílé lọ́jọ́ sinimá?

Mọ́pẹ̀ẹ̀ ló máa ń gbé e wá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe àlùfáà ìjọ Àgùdà, òyìnbó kan tó ga tó sì rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí irùngbọ̀n rẹ̀ máa ń kún fún eruku pupa. Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á ta aṣọ funfun mọ́ ara rẹ̀, aṣọ ibùsùn tí àwọn obìnrin ìjọ rán pọ̀. Ẹ̀rọ gúrúpù tó ń fún wa níná á máa ké lẹ́yìn àpáta, àpáta náà á sì máa dá a lóhùn. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo, Kérésìmesì ló ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Tí ọyẹ́ bá sì fẹ́, aṣọ á máa jó, àwọn tó wà nínú rẹ̀ náà á máa jó. Ọdún kan wà tí áńgẹ́lì sọ̀ kalẹ̀, ni afẹ́fẹ́ bá ká aṣọ náà mọ́ra, orí áńgẹ́lì lọ sápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sápá òsì. A rẹ́rìn-ín títí Mọ́pẹ̀ẹ̀ alára fi jókòó sílẹ̀.

Sinimá kìíní tí mo wò níbẹ̀, kò ní àwọ̀, kò ní ohùn. Dúdú òun funfun ni, àwọn èèyàn inú rẹ̀ sì ń rìn kánkán bí ẹni tí òjò ń lé. Aboyún náà jókòó lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ọkọ rẹ̀ ń fà á lọ. Púpọ̀ nínú wa ò rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rí. Bàbá kan tó jókòó tì mí búra pé ẹṣin tí àìsàn ń ṣe ni, ó ní kò yẹ kí wọ́n gbé aboyún gun irú rẹ̀. Klémọ̀, kàtẹ́kísì tó ń kọ́ wa ní ìgbàgbọ́, ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, tó ń fi èdè wa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kò lè ṣe kó má fi tirẹ̀ kún un. Ó ní ọkọ aboyún náà ti gbé iṣu rẹ̀ wọ àká tán kó tó kúrò nílé, kí ọkàn wa lè balẹ̀ nípa rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n dé ilé èrò. Ọkọ kan ilẹ̀kùn. Onílé yọrí, ó wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó mi orí, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ariwo sọ, ẹ má sì rò pé torí pé kò gbà wọ́n sílé la ṣe ń pariwo. Ilé lè kún, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ká wa lára ni pé kò fún wọn lómi. "Kò tiẹ̀ bu omi!" "Fún aboyún!" "Irú ìlú wo nìyẹn?" Klémọ̀ ń pariwo pé kí a dákẹ́, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n, àmọ́ n ó tún sọ ọ́, torí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ yín mọ́. Láàárín àwa ará òkè yìí, ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ, omi ni wàá kọ́kọ́ bù fún un. O ò gbọdọ̀ bi í pé ta ni, o ò gbọdọ̀ bi í pé kí ló wá ṣe, títí yóò fi mu omi tán tí yóò dá igbá padà. Ì báà jẹ́ ọ̀tá rẹ. Ì báà jẹ́ ọlọ́pàá ṣàǹdámù tó wá mú ọ lọ sí àgọ́, á mu omi rẹ kó tó mú ọ. Bàbá mi sọ fún mi pé ẹni tó bá béèrè kó tó bu omi, ó ti lé àlejò yẹn nìyẹn, kódà bó bá tẹ́ ẹní fún un lẹ́yìn ìgbà náà.

Ìyá mi dìde láàárín èrò yẹn. Obìnrin kúkúrú ni, kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ó ti gbé omi wá láti ilé nínú igbá nítorí àwọn àbúrò mi. Ó gbé igbá náà, ó la àárín èrò kọjá, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú aṣọ funfun, ó sì gbé omi sókè sí aboyún yẹn. Òjìji rẹ̀ bo gbogbo sinimá. A ò rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́, a ò rí ilé mọ́, ìyá mi nìkan là ń rí lára àpáta, ó tóbi, ó dúdú, ó gbé igbá dání. "Ẹ kú ìrìn o," ló ń wí. "Ẹ gbà, ẹ mu. Ilé wa ò jìnnà."

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Àwọn kan rẹ́rìn-ín nígbà náà náà. Mọ́pẹ̀ẹ̀ sáré wá, ó rò pé ó fẹ́ da omi sí aṣọ ni. Klémọ̀ bá a sọ ọ́ ní Faransé, ohun tí obìnrin yìí ń ṣe àti ìdí tó fi ń ṣe é. Mọ́pẹ̀ẹ̀ dúró, ó wo ìyá mi, ó sì lọ dá ẹ̀rọ dúró. Ojú wá ń ti ìyá mi. Ó dìde, omi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ẹni tó máa gbé e fún. Ó yíjú sí ẹni tó sún mọ́ ọn jù, ó sì jẹ́ ìyàwó àbúrò bàbá mi, tí àwọn méjèèjì ò kí ara wọn mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jà lórí èso igi èmí tí wọ́n fi ń ṣe òrí. Obìnrin yẹn gba igbá, ó mu ún, ó ní, "O ṣé, ìyá Agútínì." Èmi ni Agútínì. Mo rí i tí ìyá mi ń fi etí ìró nu ojú.

Láti ọdún yẹn, gbogbo obìnrin ló ń gbé omi wá. Tí onílé èrò bá ti pa ilẹ̀kùn dé, Mọ́pẹ̀ẹ̀ á dá ẹ̀rọ dúró, oníkálukú á sì bu omi fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni yòówù kó jẹ́. Tí ẹ bá bá èèyàn ní gbólóhùn asọ̀, ẹ má lọ jókòó tì í o, àbí kí ẹ dìídì lọ jókòó tì í. Ẹ ò lè mọ iye ìjà tó parí níwájú àpáta yẹn. Ìgbà tí a bá mu omi tán ni ẹ̀rọ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọkọ àti aya á wá rí ibùsùn nínú ilé ẹran.

Mọ́pẹ̀ẹ̀ tún rí òmíràn gbà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, aláwọ̀ mèremère, tí wọ́n ń sọ Faransé nínú rẹ̀. Ẹwà rẹ̀ kọjá sísọ. Aṣọ aboyún náà dúdú bí aró tí wọ́n pa lẹ́ẹ̀mejì. Onílé èrò ibẹ̀ sanra, ó sì lẹ́nu, ó ń sọ ó ń sọ kó tó ti ilẹ̀kùn, a sì kórìíra rẹ̀ débi pé ahun tó bá wà lábúlé, "onílé èrò" la ń pè é. Níbi sinimá yẹn ni ọmọbìnrin kan tí mi ò rí rí yíjú sí mi, tó gbé igbá omi fún mi. Mo mu ún tán, mo dá igbá padà, kí n tó bi í lórúkọ. Mọ̀níìkì lorúkọ rẹ̀. Ìyá yín àgbà ni.

Síbẹ̀, tí ẹ bá ní kí n yan ọ̀kan, ti ìkíní yẹn ni n ó yàn. Ó burú, ó ń ṣú lójú, ó ń gbọ̀n, ohùn ò sí níbẹ̀. Àmọ́ ìyá mi wà nínú rẹ̀.

Mọ́pẹ̀ẹ̀ darúgbó, wọ́n gbé e padà sílùú rẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ dógùn-ún. Iná wá dé, a dúpẹ́, mi ò sọ pé iná ò dára. Ọkùnrin kan ra télé, ó fi ewé ọ̀pẹ ṣe ọgbà yí àgbàlá rẹ̀ ká, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ẹni tí kò bá sanwó kò ní wọlé. Níbẹ̀ la ti wo sinimá Kérésìmesì kẹta, inú kásẹ́ẹ̀tì ló wà. Ìyá mi ti kú nígbà náà. Ìyá yín àgbà gbé omi lọ bó ṣe máa ń ṣe. Ọkùnrin náà ní kí ó gbé e síta, omi á ba télé òun jẹ́. Onílé èrò pa ilẹ̀kùn dé, télé ò dúró, ó ń lọ, kò sì sẹ́ni tó ní kó dúró. Lẹ́yìn ọdún yẹn, àwọn obìnrin ò gbé omi wá mọ́. Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó. Ohun tí gbogbo ìlú ń ṣe, wọ́n gbé e síta, ó sì parí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé kọ̀ọ̀kan ra télé tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan gba sinimá tirẹ̀. Mo ti wo èyí tí wọ́n fọwọ́ yà, tí àgùntàn ń kọrin nínú rẹ̀ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń jó. Rómáríìkì ló fi hàn mí. Mo dúró kí wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọn ò débẹ̀. Wọ́n ti yọ onílé èrò kúrò kí inú àwọn ọmọdé má bàa bà jẹ́. Ọmọ tí kò rí ibi tí wọ́n ti pa ilẹ̀kùn dé, báwo ló ṣe máa mọ̀ ọ́n nígbà tó bá ń pa á dé?

Ẹ má wo ara yín. Mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí a ń kọ ebè iṣu lọ́dún tó kọjá ni ìyá yín àgbà lọ. Ilé yìí wá ṣófo, ó dákẹ́ jù fún mi. Bàbá yín ní òun á wá fi ọkọ̀ gbé mi lọ́jọ́ Kérésìmesì kí n wá bá yín jẹun. Mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ku ọ̀la, mo jókòó síbí, mo rò ó pé àìsùn ni, wọ́n á máa wo sinimá nísinsìnyí, kí ló dé tí mo fi ń dúró kí ilẹ̀ mọ́? Mo gbé iṣu kan tó dára léjìká, mo gbé igbá tí ìyá mi fi sílẹ̀, èyí tí ẹ fi mu omi lẹ́ẹ̀kan. Mo ní tí wọ́n bá dé ibi ilẹ̀kùn, n ó ní kí wọ́n dá a dúró, kí n bu omi fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mọ̀ ọ́n kí n tó kú. Inú mi dùn lórí ọ̀kadà yẹn bí ọmọdé.

Mo dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ògiri ga, àfọ́kù ìgò wà lórí rẹ̀. Mo ké àgò, ajá ló dáhùn. Ẹnì kan tó ń kọjá fi ohun kan hàn mí lára géètì, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọmọ kan jáde látinú irin.

"C'est qui? Ta ni?"

"Èmi ni."

"Èmi ta?"

"Bàbá."

"Bàbá wo? Bàbá wa wà nílé."

"Bàbá àgbà, láti Kèrè."

"Bàbá àgbà ń bọ̀ lọ́la. Papa ní ká má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni."

Mo wá gbọ́ ohùn bàbá yín lẹ́yìn, ohùn ọmọ tí mo bí. Ó ní, "Ẹ pa nǹkan yẹn, ẹ jẹ́ ká gbọ́ sinimá." Irin náà sì dákẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, kò fọhùn mọ́.

Mi ò ní bi yín pé ta ló sọ̀rọ̀ nínú yín. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ lo ṣe, ọmọ mi, má sunkún.

Àlàfo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Mo gba ibẹ̀ wo inú, wọn ò ta kọ́tìnì. Télé yín fẹ̀ tó ẹní. Mo rí aboyún náà, mo rí ọkọ rẹ̀, mo rí ẹni tó yọrí tó sì pa ilẹ̀kùn dé. Bí mo ṣe ń wò ó lọ́wọ́ ni mo gbọ́ igbe ìyá yín láti inú ilé: "Yéè! Aboyún! Àwọn èèyàn yìí mà burú o!" Àánú aboyún inú télé ń ṣe é. Èmi wà níta, iṣu wà léjìká mi.

Alájà tó ń ta ìrẹsì ní òdìkejì ọ̀nà ló rí mi. Mùsùlùmí ni, kò wo sinimá Kérésìmesì rí láyé rẹ̀. Ó gbé àga fún mi, ó gbé omi lé mi lọ́wọ́, ó sì dúró. Ìgbà tí mo mu ún tán ló tó ní, "Bàbá, níbo lẹ ti ń bọ̀?" Nígbà tí mo sọ fún un, ó bínú, ó fẹ́ lọ fi òkúta lu géètì. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò lè jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi bẹ ọmọ mi kó tó ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo fi iṣu náà sílẹ̀ fún un, mo gbé igbá mi, mo wá ọ̀kadà.

Lọ́jọ́ kejì, Alájà sọ fún bàbá yín. Ó gbé ọkọ̀ wá síbí, ó dúró lójú ọ̀nà lọ́hùn-ún, ó ń fun fèrè ọkọ̀. Mo wà nínú ilé. Mo ti bu omi sínú igbá, mo ń retí kó sọ̀ kalẹ̀, kó wọlé. Ó fun fèrè, ó tún fun ún, ó sì yí ọkọ̀ padà. Ó rò pé mo ti lọ sí oko ni, àbí ojú ń tì í, mi ò mọ̀. Láti ìgbà náà, ó ti fi ìrẹsì ránṣẹ́, ó ti fi aṣọ òtútù ránṣẹ́, ó ti fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ nínú pọ́tábù, ó sì ti fi ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ lónìí. Ara rẹ̀ nìkan ni kò tíì fi ránṣẹ́.

Ẹ nu ojú yín. Èmi àti ẹ̀yin ò ní ìjà, ẹ ó jẹ iyán kí ẹ tó lọ. Ẹ sọ fún bàbá yín pé mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní lọ bá a gbé lẹ́yìn géètì yẹn. Tó bá fẹ́ rí mi, kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé wá. Ilẹ̀kùn tèmi ò ní kọ́kọ́rọ́, ó mọ̀ ọ́n, inú ilé yìí la bí i sí. Ẹ sọ fún un pé omi rẹ̀ wà nínú àmù, igbá ìyá mi ni n ó fi bù ú fún un, n kò sì ní bi í ní ohunkóhun títí yóò fi mu ún tán.

Tó bá dá igbá padà, n ó wá bi í pé ta ni.